Ìlà Korobá Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Mo gbàṣẹ kí n tó la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilé mọ́kànlélógún ní kí n sọ ọ́, ilé mẹ́fà ní kí n pa ẹnu mi mọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́fà náà torí pé wọn ò bá mi jà. Bí wọ́n ṣe dìbò ọ̀hún ni mi ò ní sọ, nítorí ìyẹn ò sí nínú àṣẹ tí mo gbà.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn ìjọba tiwa-n-tiwa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí aránṣọ ṣe ń wọn àyà oníbàárà, tí nọ́ọ̀sì sì ń wọn bí ara aláìsàn ṣe gbóná tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́fíìsì wa ṣe ń wọ̀n ọ́n bóyá ìlú wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú àbí kò sí lọ́wọ́ wọn. Lọ́dọọdún, a máa ń gbé nọ́ńbà kan jáde, láti orí òdo dé orí mẹ́wàá. Àwọn oníwèé ìròyìn á gbé e, àwọn ará ìjọba á bú wa, ọdún á yí po, a ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta la ń gbà wọ̀n ọ́n. Àkọ́kọ́, a máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ mẹ́sàn-án, àwọn olùkọ́ yunifásítì àti adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n jókòó sílé wọn, kí wọ́n rò ó dáadáa, kí wọ́n sì fún ìlú ní máàkì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀: ìdìbò mélòó ló wáyé, oníròyìn mélòó ni wọ́n tì mọ́lé, ìpàdé mélòó ni ọlọ́pàá kọ̀ láti fún níwèé àṣẹ. Ọ̀nà kẹta ni tèmi. Èmi ni mo máa ń kan ilẹ̀kùn, tí mo ń bi ará ilé léèrè bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí i. Bí ìlú bá jẹ́ ẹ̀wù, ẹnì kan ń fi ojú wò ó látòkèèrè, ẹnì kan ń ka ihò ara rẹ̀, èmi sì ń bi ẹni tó wọ̀ ọ́ bóyá òtútù ń mú un.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lára àwọn onímọ̀ mẹ́sàn-án yẹn. Orí tábìlì oúnjẹ ló ti máa ń fún ìlú ní máàkì, awò ojú rẹ̀ á wà níwájú orí, á sì máa wá a káàkiri ilé. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa ò jẹ́ kí a jẹun ní àlàáfíà rí.

"Ìwọ lò ń bi ẹja léèrè bóyá omi tutù," ló máa ń sọ fún mi. "Inú omi ni wọ́n bí i sí. Kí ló fẹ́ mọ̀?"

"Bọ̀dá mi, ẹ̀yin náà kúkú ń wo omi látorí àga," lèmi náà á fi dá a lóhùn. "Ó kéré tán, ẹsẹ̀ tèmi tutù."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, orí òmìnira láti péjọ ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Àwọn onímọ̀ fún ìlú ní méjì. Àwọn yàrá ẹ̀yìn fún un ní mẹ́sàn-án, torí pé jálẹ̀ ọdún, ọlọ́pàá ò kọ̀ láti fún ẹyọ ìpàdé kan níwèé àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí kò sẹ́ni tó bèèrè! Ta ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ jẹ́wọ́ pé òun fẹ́ ṣèpàdé? Àmọ́ ìwé àwọn yàrá ẹ̀yìn ò ní ààyè tí wọ́n lè kọ ìyẹn sí. Ti èmi àti àwọn abéèrè ẹgbẹ́ mi já sí mẹ́rin pọ́síǹtì kan, ìyẹn mẹ́rin àti ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Ọ̀gá wa ló ni pọ́síǹtì. Màmá Pọ́síǹtì la máa ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí obìnrin náà kì í sọ nọ́ńbà tó dúró sójú kan. Bí o bá bi í pé ṣé ó jí dáadáa, á ní, "Méje pọ́síǹtì mẹ́fà." Mo fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́, òun náà ló ti sọ fún mi pé bí oṣù bá ti yí, èmi ni yóò fi ṣe olórí gbogbo abéèrè.

Òpópó kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lu búlọ́ọ̀kù, òpópó kúkurú, ilé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n yàn án mọ́ mi lọ́wọ́ pé gbogbo ilé ibẹ̀ ni kí n wọ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo débẹ̀. Nílé kìíní mo bá birikìlà kan, ọkùnrin gíga tí sìmẹ́ǹtì ti wọ inú èékánná rẹ̀ tí kò sì ní jáde mọ́ láyé. Òun ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè fún un, ó ní kí n dúró ná.

"Ìbéèrè mélòó ni?"

"Méjìlá ni, sà."

"Wọ́n wúwo. Ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀ kí n kà á. Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Òfin iṣẹ́ wa le lórí èyí: a kì í fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ nílé ẹnikẹ́ni. Ìdáhùn tó bá jáde lẹ́nu èèyàn lójú ẹsẹ̀ la fẹ́, kì í ṣe èyí tó ti lọ gbà níbòmíì. Èmi gan-an ni mo ń fi òfin yìí kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Ṣùgbọ́n oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo bá fi ẹyọ fọ́ọ̀mù kan sílẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn, mi ò sì ní dá ẹlòmíì lẹ́bi fún un.

Nígbà tí mo padà lọ́jọ́bọ̀, mo wọ ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n kí ọ̀sán tó pọ́n. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni! Kò sẹ́ni tó ní kí n padà wá, kò sẹ́ni tó ń họ orí. Bí mo bá ti ka ìbéèrè, ìdáhùn ti dé. Ó yẹ kí ara fu mí, àmọ́ ìdùnnú ò jẹ́. Mo délé ní kùtù ọ̀sán, mo na ẹsẹ̀, mo ní Ọlọ́run fi ojú àánú wò mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Pọ́síǹtì ránṣẹ́ pè mí. Ó ti to fọ́ọ̀mù mi kalẹ̀ sórí tábìlì rẹ̀, ó tò wọ́n tààrà, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

"Kí lo rí?" ló bi mí.

Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Nínú ìbéèrè méjèèjìlá, ìdáhùn ilé kìíní ni ìdáhùn ilé kejì, òun náà ni ti ilé ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n.

"Tọkọtaya tí wọ́n jọ ń sun orí bẹ́ẹ̀dì kan, ẹnu wọn kì í kò báyìí," ni Màmá Pọ́síǹtì wí. Ohùn rẹ̀ ò ga, ìyẹn ló sì burú. "Abẹ́ igi wo lo jókòó sí?"

Bí ẹ ò bá mọ iṣẹ́ wa, ẹ ò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dunni tó. Àwọn abéèrè kan wà tí wọn kì í kan ilẹ̀kùn kankan. Abẹ́ igi tó tutù ni wọ́n á jókòó sí, wọ́n á máa fi ọwọ́ ara wọn dáhùn ìbéèrè fún gbogbo ìlú. Èmi tí mo ti lé irú wọn mẹ́ta kúrò lẹ́nu iṣẹ́! Omi bọ́ lójú mi níwájú rẹ̀, mo sì bínú sí omi náà.

"Mo wọ gbogbo ilé yẹn, mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ọlọ́run ò sí nínú àwọn tí a bi léèrè," ló fèsì. "Padà lọ bá wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jẹ́ tí ẹnu wọn fi kò, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Mo fún ọ títí di Ọjọ́ Ajé. Bí mi ò bá rí i, orúkọ rẹ á wọ inú ìwé àwọn ayédèrú tí a ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Má jẹ́ kí n ṣe é. Mo fẹ́ràn rẹ ní mẹ́sàn-án pọ́síǹtì méjì."

Ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ dé òpópó náà. Birikìlà wà lórí àkàbà, ó ń rẹ́ ògiri. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un látìsàlẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"A dìbò sí i ni," ló wí.

"Ẹ dìbò sí kí ni?"

"Sí ìbéèrè yín. Ìjọba kì í bi wá lérò. Nígbà tí ẹnì kan wá bi wá, a ní kí a má fi ṣeré. Kí ìdáhùn òpópó jẹ́ ti òpópó."

Ó wá ṣàlàyé. Ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ̀rọ omi bàjẹ́, wọ́n jókòó síbi ibòòji kan láti jíròrò àtúnṣe rẹ̀. Ẹnì kan lọ sọ pé wọ́n ń ṣèpàdé òṣèlú. Ọkọ̀ ọlọ́pàá dé, wọ́n kó ọkùnrin mẹ́ta. Awakọ̀ tó ń gbé ilé kọkànlá ló pẹ́ jù níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tó dé, oṣù kan gbáko ni kò fi bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jókòó ṣèpàdé mọ́ ní òpópó yẹn. Wọ́n ń tò fún omi.

Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi máa ń yọ, ní ìdájí àti ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ní korobá kan lórí ìlà, wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ilé sí i lára. Orí ìlà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ẹni iwájú á sọ fún ẹni ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ á lọ, á bọ̀. Bí ó bá tó àkókò láti pinnu, ẹni tó bá fara mọ́ ọn á gbé korobá rẹ̀ kalẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn á da tirẹ̀ dé. Wọ́n á kà á, wọ́n á yí korobá padà, wọ́n á pọn omi. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, àwọn tó ń wá omi ló rí.

"Ìbéèrè keje ló pẹ́ jù," ni birikìlà wí. "Èyí tó ní ṣé a lómìnira láti péjọ, kí á pinnu ọ̀rọ̀ ara wa. Mẹ́rìndínlógún ní rárá, mọ́kànlá ní bẹ́ẹ̀ ni."

Mo wò ó. "Ẹ péjọ, ẹ dìbò, ẹ wá pinnu pé ẹ ò lómìnira láti péjọ?"

"A ò péjọ," ló dá mi lóhùn, kò rẹ́rìn-ín. "A tò fún omi."

"Àwọn mọ́kànlá tó ní bẹ́ẹ̀ ni ńkọ́? Rárá ni gbogbo wọn sọ fún mi nígbà tí mo wọlé wọn."

"Wọ́n pàdánù."

"Ẹ fipá mú wọn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò kó tó fèsì. "Àwọn ló kọ́kọ́ pọn omi lọ́jọ́ kejì."

Kò yé mi. Ó mú mi lọ sídìí ẹ̀rọ náà, ó fi ibi tí omi ń gbà hàn mí. Bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó máa ń mọ́ gaara, ó máa ń yára. Tó bá di orí korobá bí ogún, á bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó tó tó, á pọ́n bí ìpẹtà. Lọ́jọ́ míì, ilé mẹ́ta tó kẹ́yìn á ru korobá òfìfo padà sílé. Nítorí náà wọ́n ṣe é lófin láàárín ara wọn pé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kankan tí wọ́n bá dìbò lé lórí, àwọn tó pàdánù ló ń ṣáájú ìlà ní ìdájí ọjọ́ kejì.

"Ẹni tó ṣẹ́gun ti rí ohun tó fẹ́," ni birikìlà wí. "Kí ló tún fẹ́ fi omi àkọ́pọn ṣe?"

Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń béèrè, mo ti wọ ilé tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ẹnu ò sì yà mí bíi tọjọ́ yẹn rí. Lórí gbogbo ìwé wa, a ń wá ẹni tó ṣẹ́gun àti bó ṣe ṣẹ́gun. Kò sí fọ́ọ̀mù kan tó béèrè pé, kí lẹ fún ẹni tó pàdánù? Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, tí ìdí rẹ̀ ti dógùn-ún, àwọn èèyàn wọ̀nyí sì ti mọ ohun tí àwọn onímọ̀ mẹ́sàn-án ò tíì rò láti bèèrè.

Àmọ́ orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, tèmi sì ti fẹ́ bàjẹ́. Mo mú ìwé jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ ohun tó sọ fún mi yìí sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i.

"Èmi nìkan kọ́ ni mo ni í," ló wí. "Wá lọ́la, aago mẹ́rin. Wàá sọ tẹnu rẹ. Ohun tí ìlà bá sọ, ṣé wàá gbà?"

"Mo gbà," ni mo wí. Mo yára wí bẹ́ẹ̀, nítorí ó dá mi lójú pé wọ́n á ṣàánú mi. Ta ni kò ní ṣàánú mi?

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Sátidé, korobá ti wà lọ́wọ́ oníkálukú, pupa, funfun, àwọ̀ ewé, omíràn ti fọ́ létí tí wọ́n sì fi wáyà rán an. Mo dúró sí ìdí ẹ̀rọ bí ẹni tó ń dúró dé omi, mo sọ̀rọ̀ mi pẹ́lẹ́. Mo gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń lọ láti ẹnu dé ẹnu títí ó fi dé ìsàlẹ̀ òpópó. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀.

Aránṣọ ilé kẹsàn-án gbè mí lẹ́yìn. "Obìnrin yìí jókòó nílé mi, ó bi mí lérò," ló wí. "Ta ló ti bi mí lérò rí, yàtọ̀ sí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ òun ti ṣe tán? Ẹ jẹ́ kí á gbà á sílẹ̀."

Ìyàwó awakọ̀ ilé kọkànlá ló fèsì. Obìnrin tín-ínrín kan ni, kò gbójú sókè wò mí. "Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá wọ ọ́fíìsì kan, kì í kú sínú ọ́fíìsì yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé ìlà wa kì í ṣe ti omi nìkan, ìlà parí nìyẹn. Iṣẹ́ ni yóò bọ́ lọ́wọ́ àǹtí yìí. Èmi, ọkọ mi ni. Kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Birikìlà ní ó tó.

Òun ló kọ́kọ́ gbé korobá rẹ̀ wá. Ó wò mí lójú tààrà, ó sì da korobá dé. Ilé kejì dà á dé. Ilé kẹta gbé tirẹ̀ nàró, ìkẹrin náà, mo mí. Àìmọye ìgbà ni mo ti ka ìdáhùn èèyàn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, èmi ni ìbéèrè. Aránṣọ gbé tirẹ̀ nàró, ó tún fọwọ́ lù ú pò kí n lè gbọ́. Ìyàwó awakọ̀ da tirẹ̀ dé, ó sì gbọ́wọ́ lé ìdí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ike. Nígbà tí ilé kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fi dé, korobá tó dojú dé ti pé mẹ́rìnlá.

Ó parí. Mo ti pàdánù. Mo ń wá ibi tí mo máa gbà lọ, ni mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó kúrò lójú ìdúró rẹ̀. Ilé kẹrìndínlọ́gbọ̀n gbé tirẹ̀ wá, ó gbé e nàró. Ó wá ku ilé tó kẹ́yìn. Bàbá arúgbó kan ló ń gbé ibẹ̀, afìwéránṣẹ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì jẹ́ kó yára. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé korobá rẹ̀ bọ̀ látìsàlẹ̀ òpópó, ó ń sinmi, ó tún ń bọ̀. Gbogbo èèyàn dúró. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kò wúlò mọ́, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ̀rọ ti ń ṣe hòò, omi fẹ́ yọ, wọ́n sì dúró. Nígbà tó dé, ó gbé korobá kalẹ̀, ó gbé e nàró.

"Tèmi nìyẹn," ló wí. Birikìlà ní, "A ti rí i, Bàbá. Mẹ́tàlá."

Orí mi wú. Ẹ̀rù bà mí, kì í ṣe ẹ̀rù ìjàyà, irú ẹ̀rù tó máa ń ba ọmọdé níwájú òkun ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ba orúkọ mi jẹ́, ó sì ń ṣe mí bíi kí n kúnlẹ̀. Bí ojú bá ń sunkún, á máa ríran. Mo rí i.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, birikìlà pè mí. "Ọ̀la, ní ìdájí. Gbé korobá wá."

"Èmi kì í ṣe ará ibí," ni mo wí. "Mi ò dìbò."

"O ní ohun tí ìlà bá sọ lo máa gbà. Ìlà sọ̀rọ̀, ó takò ọ́. O pàdánù." Ojú rẹ̀ le. "Má bá wa da ètò rú."

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti Ọjọ́ Ajé, kí n lè rí ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè sọ dáadáa. Lọ́jọ́ Ajé, Màmá Pọ́síǹtì bi mí pé ìwé dà, mo ní mi ò ní ìwé. Ó bi mí pé àlàyé dà, mo ní mi ò ní àlàyé. Ó tẹjú mọ́ mi títí, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì kọ orúkọ mi sínú ìwé tó yẹ kó kọ ọ́ sí. Wọ́n yọ fọ́ọ̀mù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n náà dànù. Bí rárá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe kúrò, nọ́ńbà wa gòkè. Kí n tó jáde, mo rí i tó pa mẹ́rin pọ́síǹtì kan rẹ́ lára pátákó, tó kọ mẹ́rin pọ́síǹtì mẹ́rin. Òmìnira láti péjọ ti pọ̀ sí i nìyẹn. Ẹ̀rín pa mí dé ẹnu géètì, ẹkún sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé báyìí, orúkọ mi sì wà nínú ìwé yẹn títí dòní.

Sọ́ńdè ló ṣáájú rẹ̀. Mo gbé korobá tí mo fi ń fọṣọ, mo dé òpópó náà bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Àwọn ilé mẹ́tàlá ti tò, wọ́n sì fi àyè kan sílẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Mo fẹ́ dúró sẹ́yìn, aránṣọ fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí síwájú. "Tìrẹ ló dùn jù," ló wí. Lẹ́yìn wa ni àwọn mẹ́rìnlá tó ṣẹ́gun wà, wọ́n ń yán, wọ́n ń fi ọwọ́ ra ojú, wọ́n ń dúró de àwa tí wọ́n borí.

Omi yọ. Ó mọ́ débi pé mo rí ìsàlẹ̀ korobá mi títí ó fi kún. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, kò ṣeé gbé, ó ti pẹ́ tí mo ti ru omi kẹ́yìn. Ẹnì kan jáde látinú ìlà ẹ̀yìn, ó di etí kejì mú. Ìyàwó awakọ̀ ni.

"Ṣé ọrùn yín gbà á, àǹtí?"

"Ó gbà á."

A jọ gbé e sókè, ó gbé e kà mí lórí, ó dì í mú títí ó fi dúró. Ó wá wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ẹ ṣeun," ló wí. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo sì ń lọ.

Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ni sílé mi. Àwọn tó ń lọ sí ìsìn ń wò mí, obìnrin tó wọ bàtà ọ́fíìsì, tó ru korobá. Mi ò gbà fún ọlọ́kadà kankan. Nígbà tí mo fi délé, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sí àga ìta, bó ṣe máa ń wá láràárọ̀ Sọ́ńdè. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, awò rẹ̀ wà níwájú orí.

"Kí lo ń fi omi ṣe? Ẹ̀rọ mà wà nílé rẹ," ló wí. "Ẹnì kan pè mí láàárọ̀ yìí pé wọ́n fẹ́ lé ọ—"

"Ta ló pè yín?"

"Ọ̀gá rẹ. Ó ní o ò tíì mú ìwé kankan wá láti fi gba ara rẹ sílẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé?"

Mo sọ korobá kalẹ̀. Kò dà ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ. Mo ní ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ó mi orí, ó padà sídìí fọ́ọ̀mù rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí i.

"Ó ku ìbéèrè kan kí n fi èyí ránṣẹ́," ló wí. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un lọ́sẹ̀ yìí. Ní ìlú wa, bí ẹnì kan bá pàdánù ìbò, ìhà wo ni àwọn tó ṣẹ́gun ń kọ sí i? Òdo ni mo kọ. Ṣé o ní àtakò?"

Ohùn mi fẹ́ jáde. Gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu mi, ìlà, korobá, bàbá arúgbó. Mo rántí pé mẹ́rìnlá ni àwọn tó dà á dé.

Mo wọlé, mo mú ife, mo bu omi nínú korobá náà kún un. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ní kó kọ́kọ́ mu ún kó tó fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́.